Kóńgò Ìrẹsì Kan, Ọdún Mẹ́rin

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ fẹ́ dìbò fún ìgbà àkọ́kọ́, ọ̀rọ̀ ìbò, ọ̀rọ̀ oúnjẹ ni.

Ní ọdún 2003, ní ìlú Maputo, àwọn olórí ilẹ̀ Áfíríkà ṣèlérí pé ìdá 10 nínú 100 owó ìṣúná wọn ni wọn yóò máa yà sọ́tọ̀ fún iṣẹ́ àgbẹ̀. Wọ́n tún un sọ ní Malabo ní 2014. Ìlérí yẹn kò tíì ṣẹ ní Nàìjíríà. Àgbẹ̀ Benue ń sá kúrò lóko, tòmátì Kano ń jẹrà kó tó dé ọjà, àìjẹunrekánú ń bá àwọn ọmọdé Borno fínra.

Lọ́jọ́ ìbò, wọ́n lè gbé ìrẹsì wá láti fi ra ìbò yín. Òfin Ìdìbò kà á sí ẹ̀ṣẹ̀ fún ẹni tó fúnni àti ẹni tó gbà á. Mo mọ̀ pé ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n ìrẹsì náà kò ní í pé ọ̀sẹ̀ kan, sáà ẹni tó fún yín yóò pé ọdún mẹ́rin.

Ẹ bi olùdíje kọ̀ọ̀kan pé: èló lẹ máa yà sọ́tọ̀ fún àgbẹ̀, fún ọ̀nà oko, fún oúnjẹ ọmọ iléèwé? Ẹni tí kò bá rí èsì fọ̀, ẹ má fún un ní ìbò yín.