Ọ̀nà Ítálì Kò Bẹ̀rẹ̀ ní Pápá Ọkọ̀ Òfuurufú

Ọ̀pọ̀ òbí Yorùbá tí òwò tàbí iṣẹ́ gbé dé ìlú Port Harcourt ni ó ní ọmọkùnrin kan nílé tí kò fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ mìíràn ju bọ́ọ̀lù lọ. Èyí kì í ṣe ohun ìtìjú. Ohun tí ó yẹ kí ó kọ irú òbí bẹ́ẹ̀ lóminú ni àwọn tí ń wá bá wọn nílé àti ní ìsọ̀, tí wọ́n ń pe ara wọn ní aṣojú ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kan ní Ítálì tàbí ní ilẹ̀ Faransé, tí wọ́n sì ń sọ pé kí bàbá ọmọ ṣáà wá owó ìwé ìrìnnà àti owó ọkọ̀ òfuurufú, kí ó fi ìyókù sí ọwọ́ àwọn. Orúkọ bí ti Taribo West, tí í ṣe ọmọ ìlú náà, rọrùn láti fi tan ènìyàn. Ó tọ́, nítorí náà, kí àwọn òbí mọ bí ìrìn Taribo ti rí gan-an.

Port Harcourt ni a bí i sí ní ọjọ́ 26 oṣù kẹta ọdún 1974. Ó gbá bọ́ọ̀lù fún Sharks ní ìlú rẹ̀, ó gbá fún Rangers ní Enugu, ó sì gbá fún Julius Berger ní Èkó. Òun náà ti ṣe àtìpó nínú orílẹ̀-èdè yìí kí ó tó di àtìpó lókè òkun, àwọn Yorùbá tí ń gbé ní ilẹ̀ onílẹ̀ sì mọ ohun tí irú ìrìn bẹ́ẹ̀ ń gbà lára ènìyàn. Nígbà tí ó di ọdún 1993 ni ó lọ sí Auxerre ní ilẹ̀ Faransé, ìlú kékeré kan tí Guy Roux, olùkọ́ni wọn, ti sọ di ibi ìtọ́jú àwọn ọ̀dọ́ agbábọ́ọ̀lù. Ọdún mẹ́rin ni ó lò níbẹ̀. Ní 1996 Auxerre gba ife líìgì, wọ́n sì gba ife ẹ̀yẹ ilẹ̀ Faransé mọ́ ọn. Ní ọjọ́ 3 oṣù kẹjọ ọdún kan náà, Taribo wà nínú àwọn tí wọ́n fi àmì ayò 3 sí 2 na Argentina ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n gba wúrà Òlíḿpíìkì fún Nàìjíríà. Teslim Fatusi àti Abíọ́dún Ọbáfẹ́mi wà nínú ikọ̀ náà pẹ̀lú rẹ̀.

Lẹ́yìn gbogbo èyí ni Inter ti ìlú Milan tó wá a wá ní 1997. Ní Ítálì, ẹni tí ń gbá ẹ̀yìn kì í ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ ẹni tí ń gbá bọ́ọ̀lù wọlé. Iṣẹ́ tirẹ̀ ní iyì tirẹ̀, wọ́n sì mọ ẹni tí ó mọ̀ ọ́n ṣe. Inú ẹgbẹ́ tí Ronaldo ọmọ Brazil àti Kanu Nwankwo wà ni Taribo ti rí ipò. Òun ni ó gbá bọ́ọ̀lù wọlé nínú àfikún àkókò nígbà tí wọ́n lọ kojú Schalke ní Jámánì, ní ọ̀nà ife UEFA tí wọ́n gbà ní 1998. Ní Paris, níbi tí wọ́n ti fi 3 sí òdo na Lazio, rẹfirí lé e jáde kí eré tó parí. Irun rẹ̀ tí ó máa ń dì, tí ó sì ń kùn ní àwọ̀ ewé, kò dùn mọ́ àwọn àgbà kan nínú. Ṣùgbọ́n irun kọ́ ni ó gba ife.

Ní 2000 ó kọjá sí ẹgbẹ́ Milan kejì, eré tí ó ṣe níbẹ̀ kò sì tó nǹkan. Ó dé Derby ní Gẹ̀ẹ́sì, ó dé Kaiserslautern ní Jámánì, ó dé Partizan ní Belgrade. Iṣẹ́ ìránṣẹ́ Ọlọ́run tí ó ti bẹ̀rẹ̀ ní Milan ni ó wá gbájú mọ́ ní ìgbẹ̀yìn.

Ọ̀rọ̀ kan tún tẹ̀lé e. Ní 2013, ọ̀gá kan tí ó ti wà ní Partizan sọ pé ọjọ́ orí Taribo ju èyí tí ó wà nínú ìwé rẹ̀ lọ. Taribo ní irọ́ ni. Bí ó ti wù kí ó rí, ìdí tí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ fi ń tètè ta létí ni pé Nàìjíríà ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ba orúkọ ara rẹ̀ jẹ́. Ní ìparí àwọn ọdún 1980, FIFA dá orílẹ̀-èdè yìí dúró nínú ìdíje àwọn ọ̀dọ́ nítorí ọjọ́ ìbí tí kò bá ara mu. Ní 2009, Amòfin Adokiye Amiesimaka, ọmọ Rivers tí ó wà nínú ikọ̀ tí ó gba ife Áfíríkà ní 1980, kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn pé ẹnì kan tí wọ́n kó jọ fún ìdíje àwọn tí kò ju ọdún 17 lọ ti pé ọdún 18 nígbà tí ó wà ní Sharks ní 2002. Ó gba ìgboyà láti sọ bẹ́ẹ̀. Lónìí ẹ̀rọ ni wọ́n fi ń yẹ egungun ọrùn ọwọ́ wò, bàbá tí ó sì gé ọdún ọmọ rẹ̀ kúrú ń kó o lọ fún ìtìjú ni.

Òfin FIFA kò gbà kí a gbé ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn láti lọ gbá bọ́ọ̀lù, àfi ní àwọn ọ̀nà díẹ̀ tí òfin náà là sílẹ̀. Láti oṣù kẹwàá 2023 ni aṣojú agbábọ́ọ̀lù ti gbọ́dọ̀ ṣe ìdánwò kí ó sì gba ìwé àṣẹ FIFA, orúkọ àwọn tí ó gbà á sì wà ní gbangba. Ẹgbẹ́ tí ó bá fẹ́ agbábọ́ọ̀lù ní tòótọ́ ni ó ń sanwó. Kì í gba owó lọ́wọ́ bàbá rẹ̀. Àwọn ọmọ Áfíríkà tí wọ́n já sílẹ̀ ní ìgboro Paris pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí Jean-Claude Mbvoumin, agbábọ́ọ̀lù ilẹ̀ Kamẹrúùnù tẹ́lẹ̀, fi dá ẹgbẹ́ Foot Solidaire sílẹ̀ ní 2000 láti ràn wọ́n lọ́wọ́.

Àwọn ẹgbẹ́ kéékèèké ní Diobu àti káàkiri Rivers náà ní ẹ̀bi tiwọn. Owó ìtọ́jú wà nínú òfin fún ẹgbẹ́ tí ó kọ́ ọmọ láti ọdún 12, ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ tí kò kọ orúkọ ọmọ sílẹ̀ kò ní rí kọ́bọ̀ gbà. Ó yẹ kí ìjọba ìpínlẹ̀ náà fi dandan lé ìwé orúkọ yìí. Bí àwọn ẹgbẹ́ ọmọ Yorùbá ní Port Harcourt bá sì tún ń ṣe ìpàdé, kí wọ́n yan ẹni méjì tàbí mẹ́ta tí òbí lè mú ìwé aṣojú tọ̀ lọ fún àyẹ̀wò, kí ó tó ta ọjà inú ìsọ̀ rẹ̀.