Ẹ̀yìn Ríro: Ṣé Áàpù Lè Ṣiṣẹ́ Onífisiotẹ́rápì?

Ẹni tí ẹ̀yìn ń ro ní Ìjàpọ̀ Estate, l'Ákùúrẹ́, mọ̀ pé kì í ṣọ̀rọ̀ eré láti máa wọkọ̀ lọ bá onífisiotẹ́rápì lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀. Ṣé èèyàn lè gbàtọ́jú náà nílé?

Ìwádìí kan tí Chidozie Mbada àtàwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe, tó jáde lọ́dún 2019, tan ìmọ́lẹ̀ sí i. Aláìsàn 47 tí ẹ̀yìn ti ń ro tipẹ́ ló parí rẹ̀. Àwọn kan ń lọ sílé ìwòsàn, áàpù orí fóònù ló ń tọ́ àwọn yòókù sọ́nà nílé. Ìdárayá kan náà ni: èèyàn á dojú bolẹ̀, á fọwọ́ ti àyà sókè, lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ 8. Ara tu ẹgbẹ́ méjèèjì, ìyàtọ̀ àárín wọn ò sì tó nǹkan.

Àmọ́ èèyàn 47 ò pọ̀, wọ́n sì ti kọ́kọ́ yẹ oníkálukú wò, wọ́n rí i pé ìdárayá náà bá a lára mu. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń kú, tàbí tí kò lè mú ìtọ̀ dúró mọ́, ilé ìwòsàn ni kó sáré gbà lọ. Kí àyẹ̀wò ṣáájú, kí áàpù tẹ̀ lé e.