Wọ́n kọ́lé tán ní Ìgbẹsà, wọ́n tún ń fọwọ́ ara wọn kọ́ àdúgbò

Ẹni tó bá bọ́ọ́lẹ̀ ní Lusada, tó gun ọ̀kadà kọrí sọ́nà Ìgbẹsà, kò ní í rìn jìnnà tí yóò fi rí i lára ògiri pé: "Ilé yìí kì í ṣe títà o." Àlejò lè rò pé onílé ń yangàn ni. Kò yangàn o, ẹ̀rù ló ń bà á. Ó mọ̀ pé ẹnì kan lè mú oníbàárà wá síwájú ilé òun láàárọ̀ kùtù, kó máa naka sí i, kó sì gbowó lórí ẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé kó tó ra gílóòbù, ọ̀dà tó máa fi kọ̀wé sára ògiri ló kọ́kọ́ rà.

Ìlú Àwórì láti ayébáyé ni Ìgbẹsà, nínú ìjọba ìbílẹ̀ Ado-Odò/Ọ̀tà ní ìpínlẹ̀ Ògùn. Iléeṣẹ́ Agbára wà lápá kan ẹ̀, ti Ọ̀tà àti Sángo wà lápá kejì, Èkó ò sì jìnnà. Yunifásítì Crawford dé síbẹ̀ ní 2005, ilé-ẹ̀kọ́ gíga ìjọba ìpínlẹ̀ náà dé, bẹ́ẹ̀ ni ọgbà okòwò Ogun-Guangdong táwọn ará Ṣáínà ń dá iléeṣẹ́ sí. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ gbọ́dọ̀ ríbi sùn. Àwọn tówó ilé Èkó ti lé kúrò náà ń wá ilẹ̀. Iléeṣẹ́ pọ̀, ṣùgbọ́n kálukú ló ń wá bó ṣe máa kọ́lé ara ẹ̀.

Ọ̀dọ̀ mọ̀lẹ́bí onílẹ̀ ni wọ́n ti ń ra ilẹ̀, rìsíìtì ẹbí ni wọ́n sì ń gbà. Òfin ilẹ̀ tọdún 1978 sọ pé ọwọ́ gómìnà ni ilẹ̀ ìpínlẹ̀ wà, àmọ́ gómìnà kọ́ ló ń wá gbowó ìpìlẹ̀. Bí wọ́n bá gbẹ́ ìpìlẹ̀, ọmọ onílẹ̀ á gbowó. Bí wọ́n bá fẹ́ kanlé, á tún gbowó. Lóòótọ́, ìjọba Ògùn ṣòfin tó le lórí àwọn ajagungbalẹ̀ ní 2016, ṣùgbọ́n òfin ò lẹ́sẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kó ṣiṣẹ́ ló máa gbé e dé àgọ́ ọlọ́pàá fúnra ẹ̀.

Bí yàrá méjì bá ti rí páànù, wọ́n ti kó wọlé nìyẹn. Pákó ni fèrèsé, aṣọ ni ilẹ̀kùn. Ilé wáá wà, ṣùgbọ́n kò sọ́nà, kò sí gọ́tà, kò síná, àdúgbò gan-an ò tíì lórúkọ. Ibi tọ́rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ gan-an nìyí. Èèyàn márùn-ún, mẹ́fà á kóra jọ sí fàráńdà ẹni tó kọ́kọ́ débẹ̀, wọ́n á dá ẹgbẹ́ onílé sílẹ̀, èyí tíjọba ń pè ní CDA. Níbẹ̀ ni wọ́n ti máa sọ àdúgbò ní Ìfẹ́dàpọ̀, Ìrẹ̀pọ̀dùn tàbí Ìtẹ̀síwájú. Ibi tí ọlọ́kadà bá ń dúró sí ló ń di ibùdókọ̀. Ibi tí ìyá alákàrà bá gbé iná kalẹ̀ sí ló ń di oríta, kó tó pẹ́ ó ti dọjà alẹ́. Orúkọ táwọn èèyàn bá fẹnu sọ sì máa ń le: láti 2004 nìjọba àpapọ̀ ti fòpin sí owó ibodè lójú títì, síbẹ̀ Toll Gate làwọn awakọ̀ ṣì ń pè ní Sángo Ọ̀tà.

Iná ló ń gbowó lọ́wọ́ wọn jù. Wọ́n á dáwó òpó, wọ́n á dáwó wáyà, wọ́n á wáá dáwó tírànsífọ́mà. Ìjà ò ní í ṣaláì wà níbẹ̀: ṣé iye kan náà lẹni tó ní yàrá méjìlá àtẹni tó ní yàrá kan máa san? Lọ́jọ́ tíná bá tàn, ijó ni. Wọn ò mọ̀ pé ọjọ́ yẹn gan-an ni tírànsífọ́mà bọ́ lọ́wọ́ wọn. Bí kò bá bà jẹ́, ti iléeṣẹ́ mọ̀nàmọ́ná ni. Bó bá jó, ó di ti àdúgbò, kí wọ́n tún lọọ dáwó. Àjọ NERC, tó ń ṣàkóso iléeṣẹ́ mọ̀nàmọ́ná, ti gbé ìlànà jáde ní 2015 pé kí ẹni tó bá fẹ́ fowó ara ẹ̀ ra irú nǹkan bẹ́ẹ̀ bá iléeṣẹ́ náà kọ àdéhùn sílẹ̀ lórí bí wọ́n ṣe máa dá owó ẹ̀ padà. Kí wọ́n tó rà á lọ̀rọ̀ yẹn wà fún o, kì í ṣe lẹ́yìn tí wọ́n ti jó tán. Akọ̀wé ẹgbẹ́ onílé mélòó ló gbọ́ ọ rí?

Ọ̀rọ̀ ìwé yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ yẹpẹrẹ. Nígbà tí ìjọba ológun Raji Rasaki wó Màrókò l'Ékòó ní July 1990, àwọn tó wà níbẹ̀ náà ti kọ́lé, wọ́n ti kọ́ ilé ẹ̀kọ́, wọ́n ti dájà sílẹ̀. Nǹkan bíi ọ̀kẹ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún èèyàn ni wọ́n ní wọ́n lé kúrò níbẹ̀. Ní Ògùn, ìjọba Amósùn, tó lò láti 2011 sí 2019, ṣe ètò Homeowners Charter káwọn tó ti kọ́lé láìgbàwé lè gbà á ní owó pọ́ọ́kú. Ilé oníkálukú nìyẹn o. Òpó, afárá kékeré orí odò àti gọ́tà tí gbogbo àdúgbò jọ dáwó ṣe ò sí nínú ẹ̀.

Gọ́tà sì le ju iná lọ, nítorí omi ò mọ alága. Onílé kan á da yanrìn síwájú ilé ẹ̀, á ga. Omi á yà sílé ẹnì kejì. Ìyẹn náà á da tiẹ̀, àfìgbà tómi bá bá ẹni tówó ẹ̀ ò tó yanrìn. Ní Orangi, níbi táwọn mẹ̀kúnnù ń gbé nílùú Karachi ní Pakistan, irú wàhálà yìí ni wọ́n ń bá yí kí Akhtar Hameed Khan tó dé ní 1980. Kò fún wọn lówó. Àwọn èèyàn ẹ̀ bá wọn wọn ilẹ̀ láti mọ ibi tómi máa ṣàn sí, wọ́n yàwòrán ẹ̀, wọ́n sì yá wọn nírinṣẹ́. Bí ilé ogún sí ọgbọ̀n bá wà lójú ọ̀nà kan, wọ́n á yan aṣáájú, wọ́n á dáwó ra páìpù, wọ́n á gbẹ́ ilẹ̀ fúnra wọn. Ní Ìgbẹsà, àtidáwó kọ́ ni ìṣòro. Wọ́n mọ̀ ọ́n ṣe. Àtiwọn ilẹ̀ kí wọ́n tó gbẹ́ ẹ ló kù.

Ohun kan tún wà tí ò dáa. Ìpàdé onílé ni wọ́n ń pè é, onílé nìkan ló sì ń jókòó síbẹ̀. Ayálégbé ń sanwó ọdẹ, wọ́n ń bù ú fún un nínú owó òpó, àmọ́ bó bá lo ọdún mẹ́wàá, kò ní í dìbò lọ́jọ́ kan. Ìyá alákàrà tó sọ oríta lórúkọ ńkọ́? Ayálégbé ni. Bí wọ́n bá pinnu láti la gọ́tà gba ibi tó ń gbé iná kalẹ̀ sí, ọjọ́ táwọn tó ń gbẹ́lẹ̀ bá gbé ṣọ́bìrì dé ló máa gbọ́.