Kálámù Aiyékòótọ́

Òtítọ́ dé ọjà, ó kùtà; owó lọ́wọ́ ni a fi ń ra èké. Àwọn baba wa mọ èyí kí wọ́n tó pe odídẹrẹ́ ní Aiyékòótọ́, nítorí pé ohun tí ó bá gbọ́ kì í fi pamọ́. Orúkọ náà ni olóògbé Olóyè Bisi Onabanjo mú nígbà tí ó ń kọ̀wé sí ìwé ìròyìn.

Ní 1927 ni a bí ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde yìí sí Èkó. Ó kàwé ní Baptist Academy, ó sì kọ́ iṣẹ́ oníwèé-ìròyìn ní London ní 1950 sí 1951. Láti 1954 títí di 1962 ni Daily Service, àti Daily Express lẹ́yìn rẹ̀, fi gbé Aiyékòótọ́ jáde. Ọmọ Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ ni, kò sì fi bò. Ẹ̀fẹ̀ ni ó fi ń bá àwọn alágbára wí. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, William Connor ti Daily Mirror ń jẹ́ Cassandra, ọmọbìnrin inú ìtàn Gíríìkì tí ó ń sọ òtítọ́ tí ẹnikẹ́ni kò gbà gbọ́. Òkun ya àwọn méjèèjì nípa, ṣùgbọ́n ìtumọ̀ orúkọ wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan náà.

Ní oṣù Kẹwàá 1979, ẹni tí ń bá ìjọba wí di ìjọba fúnra rẹ̀: ó di Gómìnà Ìpínlẹ̀ Ògùn lábẹ́ ẹgbẹ́ UPN. Ní 1982 ìjọba rẹ̀ dá Yunifásítì ìpínlẹ̀ náà sílẹ̀, èyí tí ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ láti 2001. Ìjọba kan náà ni ó dá Awùjalẹ̀ ìgbà náà dúró lórí oyè, ọ̀ràn tí ó fa awuyewuye púpọ̀. Àwọn ológun gba ìjọba ní ọjọ́ tí ó kẹ́yìn ọdún 1983, wọ́n sì sọ ọ́ sí ẹ̀wọ̀n. Ó kú ní 1990. A kò sọ èyí láti ba òkú jẹ́. Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ni pé odídẹrẹ́ tí ó bá gun orí àga àṣẹ nílò odídẹrẹ́ mìíràn tí yóò máa kígbe sí i.

Ẹ wo Ìjẹ̀gùn ní Alímọ̀ṣọ́. Ní ọjọ́ 15 oṣù Karùn-ún 2008, katapílà tí ń la ọ̀nà kọlu páìpù epo tí ó gba abẹ́ ilẹ̀ kọjá; iná sọ, ilé jó, ọ̀pọ̀ ènìyàn kú. Ìròyìn a máa sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lónìí. Òǹkọ̀wé bí Aiyékòótọ́ ni í tún bèèrè ní ọ̀sẹ̀ kejì, àti ní ọdún kejì: ta ni ó yẹ kí ó ti fi ipa ọ̀nà páìpù náà han awakọ̀ katapílà? Ìbéèrè yẹn kò mọ ẹgbẹ́ òṣèlú kankan.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́, ẹ má ṣe sọ òkò lu odídẹrẹ́ nítorí pé ó kígbe sí ilé tiyín. Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ kọ́ àwọn ọmọ láti máa kọ ohun tí ojú wọn rí ní àdúgbò wọn, ní Yorùbá tí ó já gaara. Bí òtítọ́ bá kùtà, kí ó má ṣe jẹ́ nítorí pé kò sí ẹni tí ó gbé e dé ọjà.