Ẹ Ka Wákàtí, Ẹ Má Ka Ẹ̀rọ

Ìkéde àwa akẹ́kọ̀ọ́ ìṣòwò, ilé-ìtura àti ìrìn-àjò afẹ́ ní Ọ̀yìngbò àti àyíká rẹ̀

Yaba College of Technology ti wà nítòsí wa láti 1947, Yunifásítì Èkó ní Akọka sì ti wà láti 1962. Okùn íntánẹ́ẹ̀tì MainOne ti wọ Yaba láti bí ọdún 2013. Nígbà tí Mark Zuckerberg, olùdásílẹ̀ Facebook, wá sí Nàìjíríà ní oṣù kẹjọ 2016, CcHub, ibùdó ìmọ̀-ẹ̀rọ ní Yaba, ló kọ́kọ́ yà sí. Pẹ̀lú gbogbo èyí, inú ìwé fọ́tókọ́pì ni ọ̀pọ̀ wa ti ń ka orúkọ Amadeus àti Sabre, tí wọ́n fi ń gé tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú káàkiri ayé. A ó gba ìwé-ẹ̀rí láìfi ọwọ́ kàn wọ́n rí.

Àwọn aláṣẹ ilé-ẹ̀kọ́ á ní kò sówó. Owó wà o. Òfin TETFund ti 2011 ní kí àwọn ilé-iṣẹ́ máa san ìdá 2 nínú 100 èrè wọn fún ilé-ẹ̀kọ́ gíga ìjọba. Nígbà tó máa fi di 2023, ó ti di ìdá 3. Láti inú owó náà, ilé dìde, ẹ̀rọ dé, wọ́n gé ríbọ́n, wọ́n ya fọ́tò, wọ́n sì ti ilẹ̀kùn pa. Ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀ lọ sí ìpàdé. Ó di ìgbà tí àwọn alábẹ̀wò bá ń bọ̀ kí eruku tó kúrò lórí kọ̀ǹpútà.

Nítorí náà, a kéde pé wákàtí tí akẹ́kọ̀ọ́ lò nídìí kọ̀ǹpútà ni kí wọ́n fi díwọ̀n ẹ̀ka-ẹ̀kọ́, kì í ṣe iye ẹ̀rọ tí wọ́n kọ sínú ìwé. Kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹnu ọ̀nà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀: wákàtí tí yàrá fi ṣí, ẹ̀rọ tó bàjẹ́, ọjọ́ tó bàjẹ́, ẹni tó yẹ kó tún un ṣe. Ọjà Ọ̀yìngbò lè má mọ̀ pé ẹnìkan ò wá; yàrá kọ̀ǹpútà gbọ́dọ̀ mọ̀.

Ọ̀rọ̀ iná ló le jù. Ní oṣù kẹrin 2024, owó iná Band A, ìyẹn ti àwọn tí iná wọn ń pẹ́ jù, fò láti nǹkan bíi ₦68 sí ₦225 fún kilowatt-wákàtí kan, àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gíga sì figbe ta. Wọn ò purọ́. Ṣùgbọ́n láàpútọ́ọ̀pù kì í jẹ iná tó kọ̀ǹpútà orí tábìlì, sólà orí òrùlé sì lè gbé yàrá kan. Bí iná ò bá tó, ẹ kọ́kọ́ pa ẹ̀rọ amúlétutù ọ́fíìsì. A ò fẹ́ ẹ̀rọ tuntun kankan mọ́ tí kò bá bá bátìrì rìn, tí kò sì ní ẹni tí yóò máa tọ́jú rẹ̀.

A ò ní fi sọ́fítíwià tí wọ́n jí kọ́ṣẹ́ mọ́. Ta ni yóò gbé owó lé akọ̀wé owó tí irinṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ ẹrù olè lọ́wọ́? LibreOffice wà fún ìwé kíkọ, R wà fún ìṣirò, QGIS wà fún máàpù. Ọ̀fẹ́ ni gbogbo wọn. Ní ti Amadeus àti Sabre, kí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ pawọ́ pọ̀ dúnàádúrà, bí àwọn ìyá ọjà ṣe ń dáwó jọ gbé ọjà lódindi tírélà.

Kọ̀ǹpútà nìkan kọ́ o. Ẹni tó ń kọ́ iṣẹ́ ilé-ìtura nílò ilé ìdáná tí gáàsì wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀dì tí yóò tẹ́, àti káńtà tí yóò ti gba àlejò.

Kí ló dé tí àpẹẹrẹ inú ìwé wa fi máa ń jẹ́ Paris? Reluwé Red Line ti ń kó èrò láti Agbádó wá sí Ọ̀yìngbò láti oṣù kẹwàá 2024. Gómìnà Sanwó-Olú ṣí ọjà tuntun wa ní 2022. Nínú ọgbà reluwé Ẹ̀bútè Mẹ́ta, Jaekel House tí wọ́n kọ́ ní 1898 ti di mùsíọ́mù. Àwa ni ká ya máàpù ọ̀nà tí àlejò yóò fẹsẹ̀ rìn láàárín wọn, ká gbé e sórí OpenStreetMap. Kí ilẹ̀kùn yàrá kọ̀ǹpútà sì ṣí fáwọn ìyá ọjà lọ́jọ́ Sátidé, kí wọ́n kọ́ bí a ṣe ń kọ ìṣirò ọjà sórí ẹ̀rọ. Àwọn náà yóò kọ́ wa bí a ṣe ń dá iye lé ọjà, nítorí ìwé ò tíì kọ́ wa débẹ̀.

Kọ́kọ́rọ́ la ó kọ́kọ́ bèèrè. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ sẹ́mẹ́sítà, aṣojú méjì láti kíláàsì kọ̀ọ̀kan yóò lọ bá àwọn ọ̀gá wa pẹ̀lú ìkéde yìí, kí wọ́n gbé kọ́kọ́rọ́ kejì fún wa. Bí wọ́n bá ní ẹrù á sọnù, a ó kọ orúkọ wa sílẹ̀, a ó sì tọwọ́ bọ̀wé lórí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan.