Bí Wọ́n Bá Máa Pín Láísẹ́ǹsì Igbó, Àwa Ńkọ́?

Ọ̀rọ̀ igbó la fẹ́ sọ lónìí. Ẹ má tíì pariwo. A ò ní kẹ́nikẹ́ni tà á, a ò sì fẹ́ kí ọmọ wa mu ún. Òfin kà á léèwọ̀, NDLEA sì ń mú èèyàn.

Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ìlú ti ń dá a lábàá. Ní 2019, Gómìnà Ondo nígbà náà, olóògbé Rotimi Akeredolu, lọ sí Thailand láti wo bí wọ́n ṣe ń gbìn ín fún oògùn. Ó ní owó ńlá wà níbẹ̀. Ghana náà ṣòfin láísẹ́ǹsì ní 2020. Ilé ẹjọ́ tó ga jù fagi lé e ní 2022, àwọn aṣòfin tún un ṣe ní 2023. Ọ̀rọ̀ ti dé ilé aládùúgbò.

Ìbéèrè wa ni pé, lọ́jọ́ tí wọ́n bá ṣí i, ta ni wọ́n máa fún? Tí wọ́n bá ń kó èèyàn, ọmọ tálákà ni wọ́n ń kó. Tó bá wá kan láísẹ́ǹsì, ṣé ọmọ olówó nìkan ni? Wọ́n á ní ká mú ilẹ̀, ẹ̀ṣọ́ àti owó fọ́ọ̀mù wá. Ìyá alágbo tó mọ ewé láti kékeré, tó ń gbé agbo kiri gáréèjì, níbo ló ti fẹ́ rí i?

Ní New York l'Amẹ́ríkà, òfin 2021 ní kí wọ́n gbìyànjú kí ìdajì láísẹ́ǹsì lọ sọ́dọ̀ àwọn àdúgbò tí òfin àtijọ́ fìyà jẹ, àwọn obìnrin oníṣòwò àti àgbẹ̀ tó ń tiraka. Ní 2022, àwọn tí wọ́n ti dá lẹ́bi rí nítorí igbó, tàbí tí ẹbí wọn ti jẹ̀bi, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ gbà á. Síbẹ̀, ẹjọ́ dá ọ̀pọ̀ dúró, owó ìrànwọ́ ò sì tètè jáde. Ìwé nìkan ò tó. Owó gbọ́dọ̀ tẹ̀lé e.

Abuja ló ni òfin oògùn, kì í ṣe Alausa. Ẹ jẹ́ ká ti sọ fún aṣojú Kosofe báyìí: ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ yìí bá dé iwájú yín, ẹ kọ ìpín obìnrin ọlọ́jà sínú òfin. A kì í fárí lẹ́yìn olórí.

Ọjà á tà o.