Gbèsè Owó Orí Kò Mọ Ìkọ̀sílẹ̀

Bí kóòtù bá tú ìgbéyàwó ká, ṣé a kì í rò pé ó ti tú gbèsè rẹ̀ ká pẹ̀lú? Ní Amẹ́ríkà kò rí bẹ́ẹ̀. Tọkọtaya lè jọ kọ fọ́ọ̀mù owó orí kan ṣoṣo níbẹ̀, nítorí ó sábà máa ń dín owó tí wọn yóò san kù. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá buwọ́ lù ú ti gbà láti san gbogbo gbèsè tó bá ti inú rẹ̀ jáde, kì í ṣe ìdajì. Adájọ́ ìbáà kọ ọ́ pé ọkọ ni kó san án, ìyẹn kò de ìjọba lọ́wọ́.

Ẹni tó bá ti ka ìwé ìtàn Johnson yóò rántí ológò, tí í lọ jókòó sílé onígbèsè, tí í pa adìẹ tó bá rí jẹ títí owó yóò fi jáde. Ológò le lóòótọ́, ṣùgbọ́n gbangba ló jókòó sí. Gbogbo agbo ilé ló mọ̀ pé gbèsè wà. Obìnrin tí mò ń sọ yìí kò mọ nǹkan kan. Ọkọ fi owó tó wọlé pa mọ́, ó gbé fọ́ọ̀mù wá, ìyàwó buwọ́ lù ú. Wọ́n ti túká tán kí ìwé ìjọba tó dé. (Ó ń ṣẹlẹ̀ sí ọkùnrin náà o.)

Òfin ọdún 1998 la ọ̀nà fún irú wọn. Wọn yóò fi Fọ́ọ̀mù 8857 ránṣẹ́ sí IRS, wọn yóò fi hàn pé àwọn kò mọ̀, kò sì sí ìdí tó fi yẹ kí àwọn mọ̀. Ẹni tó ti kọ ẹnì kejì sílẹ̀ tún lè bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n pín gbèsè náà. Ọdún méjì péré ni àyè ọ̀nà méjèèjì yìí, láti ìgbà tí ìjọba bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀nà kẹta wà fún ẹni tí méjèèjì kò bá bá mu. Ọdún 2011 ni IRS mú gbèdéke ọdún méjì kúrò lórí ìyẹn.

Òfin náà dára, ṣùgbọ́n báwo ni èèyàn ṣe ń fi ẹ̀rí àìmọ̀ hàn? Èyí tó tún ká mi lára jù ni pé dandan ni kí IRS kọ̀wé sí ọkọ àná náà. Wọn kò ní sọ ibi tí obìnrin náà ń gbé, ṣùgbọ́n ẹni tó sá fún ìyà mọ ohun tí irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ lè dá sílẹ̀. Lójú tèmi, ẹni tó pa owó náà ló yẹ kí ìjọba kọ́kọ́ lé.

Nílé níhìn-ín, kálukú ló ń san owó orí tirẹ̀. Ìdí nìyí tí ẹni tó ń lọ bá ọkọ ní Houston kò fi ní fura. Òfin gbà á láàyè láti kọ fọ́ọ̀mù tirẹ̀ lọ́tọ̀, bí owó náà tilẹ̀ lè pọ̀ sí i díẹ̀.